Ìwé Àwìn Alága: Àkọsílẹ̀ Oníṣòwò Kan Tó Ṣe Òṣèlú ní Ilẹ̀ Okun

Ìwé mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé bàbá oníṣòwò kan. Irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ni, èèpo wọn ti ya, okùn ni wọ́n fi dì wọ́n pọ̀. Ọmọ bàbá náà ló pè mí wá láti Kabba. Ó ní ọjà bàbá òun ń tà, owó kò sì sí nílé, kí n wá bá àwọn wo ibi tó ń bá lọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn: mo máa ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn oníṣòwò ìlú kéékèèké tún ìwé owó wọn tò. Mo ti rí ìwé tí eku jẹ, mo ti rí èyí tí wọ́n ya fi di ẹ̀pà fún oníbàárà, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Bíírò búlúù ni bàbá fi kọ orúkọ onígbèsè àti iye tó jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó fi bíírò pupa kọ nọ́ńbà kékeré kan: 3, 7, 11. Mo bi í bóyá iye oṣù tí gbèsè náà ti pẹ́ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní iye ẹni tó lè dìbò nínú agboolé yẹn ni.

N kò ní dárúkọ bàbá yìí, n kò sì ní sọ nípa ìlú rẹ̀ ju pé ó wà lójú títì tó ti Kabba lọ sí Ìsánlú, ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi. Alága ni tọmọdé tàgbà ń pè é níbẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ọdún méjì tó lò lórí àga, tí kò sì sẹ́ni tó dìbò gbé e débẹ̀. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba olùdíje nímọ̀ràn ní wọ́ọ̀dù. Ó ní kí n ṣáà má sọ pé òun jalè. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo rí ìwé rẹ̀ mọ̀ pé ká ní ó jalè ni, owó ì bá wà.

Bàbá tó bí i gbin kọfí àti kòkó, bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìran rẹ̀ ní agbègbè Kabba àti Ìjùmú. Láyé ìgbà yẹn, abẹ́ bọ́ọ̀dù ìjọba ni ríra kòkó wà; aṣojú tó gba ìwé àṣẹ ló ń wọ̀n ọ́n, iye tí bọ́ọ̀dù bá sì dá ni àgbẹ̀ yóò gbà. Ọ̀dọ̀ irú aṣojú bẹ́ẹ̀ ni Alága ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń dúró ti òṣùwọ̀n. Ní 1986, ìjọba ológun Babangida fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní owó àti mọ́tò wá lè ra kòkó. Náírà sì ń já wálẹ̀ lásìkò yẹn, bó ṣe ń já ni owó tí wọ́n ń ra kòkó ń gòkè. Ẹni tó mọ òṣùwọ̀n, tó mọ ọ̀nà oko, tó mọ àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ máa ń gbẹ dáadáa, ìgbà rẹ̀ ló dé.

Èrè yẹn ló fi ṣí ṣọ́ọ̀bù: páànù, ìṣó, sìmẹ́ǹtì, àdá, oògùn kòkó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwìn rẹ̀ ṣe ń rìn nígbà náà, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Àgbẹ̀ á wá gbé ìdì páànù méjì ní oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ń jò wọlé tí kò sì sówó lọ́wọ́. Tó bá di ìkórè, bí oṣù Kọkànlá, Alága á gba kòkó dípò owó. Ó jèrè lórí páànù, ó jèrè lórí kòkó, àgbẹ̀ náà sì ti rí ilé bò. Kì í ṣe àánú, òwò ni. Àwìn tí ìkórè wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Mo ka ìwé àkọ́kọ́ látòkèdélẹ̀, èyí tó lò láti 1986 sí 1990: agbára káká ni mo fi rí orúkọ tí wọn kò fagi lé.

Ìbò 1990 ló da ọ̀rọ̀ rú. Ìjọba ológun ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀, SDP àti NRC, wọ́n sì ní ìtagbangba ni wọn yóò ti di ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún náà. Kò sí pé à ń tẹ̀ka níkọ̀kọ̀. Kí oníkálùkù lọ tò sẹ́yìn olùdíje tó wù ú tàbí sẹ́yìn àwòrán rẹ̀, kí wọ́n ka orí. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì bẹ Alága kó wá díje fún ipò káńsẹ́lọ̀, ó sì gbà.

Ó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún mi bí ẹni pé àná ni. Ó ní òun bojú wẹ̀yìn, òun rí ìlà tó gba iwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá dé ìdí igi máńgòrò. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jẹ páànù nìyí. Ẹni àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá nìyẹn, òun àti ìyàwó àti àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin kan tí gbèsè rẹ̀ ti pé ọdún méjì kọ́kọ́ tò sọ́dọ̀ alátakò. Ojú òun àti Alága ṣe mẹ́rin, ló bá rọra yà kúrò, ó wá tò síbí. Alága wọlé. Alẹ́ ọjọ́ náà ló gbé ìwé rẹ̀ jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíírò pupa kọ nọ́ńbà.

Mo bi í pé kí ló rò pé ó mú ọkùnrin yẹn kúrò nínú ìlà kejì. Ó ní ìfẹ́ ni.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ sùn sí Kwara, ó jí sí Kogi. Àwọn tó mọ̀ ní Ìlọrin kò wúlò mọ́, Lọ́kọ́jà ni gbogbo fáìlì ń lọ. Ìyẹn ní ìtàn tirẹ̀, n kò ní wọ inú rẹ̀. Èyí tó kàn wá ni pé káńsẹ́lọ̀ kì í sin gbèsè. Báwo lo ṣe fẹ́ lọ sí oko ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ ìbò, kó o ní kó kó kòkó wá? Wọ́n á ní ipò ti ń gùn ọ́. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Kí ọdún 1993 tó parí, àwọn àgbẹ̀ tó jẹ ẹ́ lówó ń ta kòkó fún ẹlòmíràn tó ń san owó lọ́wọ́, wọ́n sì tún ń wá gbé páànù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Abacha gbàjọba, ó tú àwọn tí a dìbò yàn ká. Alága padà sí ṣọ́ọ̀bù, pẹpẹ ti ṣófo.

Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tún dé ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1998, láyé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú PDP, APP àti AD, ó jókòó, ó ro gbogbo nọ́ńbà pupa pọ̀. Àròpọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ìwé kejì, ó fàlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ipò alága ti bọ́ sọ́wọ́. Ó ta ọkọ̀ Bedford kan ṣoṣo tó fi ń kó kòkó, ó ná owó rẹ̀ sórí ìpolongo. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé. Ohun tó ń pa owó wọlé fún un ló tà, kó lè rí ipò tí òfin kò gbà kó fi pa owó.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ka. Ó fìdí rẹmi. Kódà ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, níbi tí nọ́ńbà pupa pọ̀ sí jù, alátakò ló borí.

Títí dòní, òwe tó máa ń pa sí i ni pé oore pẹ́, aṣiwèrè gbàgbé. Mo lọ bá mẹ́rin nínú àwọn onígbèsè náà, àwọn tí irun wọn ti funfun, mo bi wọ́n léèrè. Kò sẹ́ni tó gbàgbé nínú wọn. Ìyá kan tilẹ̀ rántí ìṣó tí Alága fi ṣe èènì fún un. Ó ní: “Ọmọ mi, mo jẹ ẹ́ lówó. Tó bá tún wá di alága, tó ní ọlọ́pàá lẹ́yìn, ta ni yóò gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀?” Ẹnìkan ní òun rò pé tó bá wọlé, yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa, níbo ni òun yóò ti máa rí àwìn gbé? Ẹ wo ìdáhùn méjèèjì dáadáa. Ọ̀kan ń bẹ̀rù rẹ̀, èkejì fẹ́ràn rẹ̀, ẹlòmíràn sì ni àwọn méjèèjì dìbò fún.

Ìbínú ló tẹ̀lé e. Ó kó àwọn onígbèsè díẹ̀ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Kóòtù ní ìwé wo ni wọ́n fọwọ́ sí? Kò sí ọ̀kan. Orúkọ tí òun nìkan kọ, tí òun nìkan ń kà, ló kún ibẹ̀. Ẹni méjì san díẹ̀. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kọjá kó má baà rí wọn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ipò alága kọmitì fìdíhẹ, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń yàn láìdìbò láti darí ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ tó mọ́ ọn lára yìí ti wá. Ẹni tí kò bá jókòó nídìí owó ìjọba ìbílẹ̀ rí lè rò pé owó ń rọ̀ bí òjò níbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 162, ló ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjùmọ̀ní, kí owó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ti Àbújá bọ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ tibí, wọ́n á yọ tọ̀hún. Lóṣù mìíràn, ohun tó kù kò tó san owó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ kùtù ni àwọn ará ìlú ti ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: afárá ọ̀nà oko ti já, ìjì ti ṣí òrùlé ilé-ìwé.

Kí ni Alága ṣe? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni. Ó gbé sìmẹ́ǹtì àti páànù láti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ náà, ó ní káńsù yóò san án tó bá yá. Ó sọ ìjọba di onígbèsè rẹ̀. Nítorí pé alága kò lè gbé iṣẹ́ fún ara rẹ̀, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi sórí ìwé àgbàṣe. Kò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Lójú rẹ̀, òun ló ń fi owó òun ran ìlú lọ́wọ́. Èmi rí i bí ẹ̀ṣẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un lójú ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbà á, ì báà jẹ́ pé ó ń pàdánù nídìí rẹ̀.

Orí rédíò ló ti gbọ́ pé wọ́n ti tú kọmitì náà ká. Ẹni tó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ ní òun kò mọ nǹkan kan nípa gbèsè sìmẹ́ǹtì. Alága kò lè pariwo, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ọdún mẹ́ta gbáko kọjá kí wọ́n tó san ìdajì owó náà, sínú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé. Àbúrò fi ra mọ́tò. Nígbà tí ẹbí pe ìpàdé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìwé hàn mí.” Wọn kò jọ jẹun mọ́ títí àbúrò fi kú.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ilé náà ń jẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Epo pupa ni. Màmá ń ta epo pupa ní ọjà láti ìgbà tó ti gbé àkọ́bí rẹ̀ sẹ́yìn. Kì í ta àwìn, kì í sì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ iye tó wà nínú agolo rẹ̀. Ó rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n kó fún mi, orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kan.

Kajú ló gbé Alága dìde díẹ̀. Àwọn olówó tó ń kó o ránṣẹ́ sí Índíà àti Vietnam máa ń fún aṣojú wọn lówó sílẹ̀ lọ́dún tuntun. Aṣojú á fún àwọn bí Alága, Alága á wọ oko lọ, torí láti nǹkan bí oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún ni kajú máa ń já bọ́. Owó tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá wá pọ̀ ju ti ayé kòkó lọ. Kì í ṣe tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ sìnkú, ẹni tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹ́ ṣèpàdé, inú owó kajú ni gbogbo wọn ti ń rí gbà, orúkọ wọn á sì bọ́ sínú ìwé kẹta pẹ̀lú nọ́ńbà pupa. Nígbà tí ìkórè bá parí, kajú kò pé, owó kò pé. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ bá a nígbà tó fẹ̀yìn tì ní Àbújá, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ Kòrónà. Ibẹ̀ ni èmi náà bá a.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Mo kó gbogbo gbèsè jọ, mo kọ lẹ́tà, mo ní kí ọmọ rẹ̀ pín in káàkiri. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Bàbá kan mú tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó kí wa “Okun o” dáadáa bí ará ilẹ̀ Okun ṣe ń kíni, ó jókòó, ó ní: “Ṣé kì í ṣe owó ìbò nìyí ni? Mo ti san án ní 1990. Mo tò.” N kò rí èsì fún un. Lójú rẹ̀, òótọ́ ló ń sọ.

Mo wá padà sídìí ìwé, mo tún un pín. Gbèsè tí ìkórè wà lẹ́yìn rẹ̀, mo kọ ọ́ sójú ewé kan. Èyí tí ènìyàn gbà nígbà ìṣòro, tó ṣì ń san díẹ̀díẹ̀, ó lọ sójú ewé kejì. Gbogbo èyí tó kù, tí nọ́ńbà pupa rẹ̀ tóbi ju ìrètí sísan lọ, mo kó o sọ́tọ̀. Mo ní kí Alága fagi lé ìyẹn ní gbangba, níwájú àwọn àgbà ìlú àti ti ìjọ, kí ó sì sọ fún àwọn tó ní kajú pé iye tí ọjà bá ń lọ ni òun yóò máa rà á, pé ìta ni òṣùwọ̀n yóò wà.

Oṣù márùn-ún ló fi kọ̀. Ó ní, “Tí mo bá pa orúkọ wọn rẹ́, kí ló kù fún mi?” Mo kọ́kọ́ rò pé owó ló ń dùn ún. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìbò ni. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni nígbà náà, kò sí ẹgbẹ́ tó ń wá a, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni wọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo gbé ìṣirò èlé síwájú rẹ̀, kò wò ó. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Màmá ló parí rẹ̀. Ó ń ro àmàlà nídìí ààrò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ yíjú sí wa. Ó ní, “Bàbá Délé, ìbò mélòó lẹ ní ní wọ́ọ̀dù wa lọ́dún yẹn? Ẹ pè é fún akàwé yìí kó gbọ́.” Bàbá dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wọlé lọ mú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ó kó wọn lé mi lẹ́sẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Tí wọ́n bá pè mí sílé oníṣòwò, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye tó ń tà. Mo máa ń béèrè bóyá ó fẹ́ díje, tàbí ó ti díje rí, kí n tó ṣí ìwé gbèsè rẹ̀. Mo máa ń béèrè ohun tí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ń tà, àti bóyá ẹnu ń jẹ nínú rẹ̀. Olùdíje tó bá sì ní kí n bá òun ṣírò owó ìpolongo, ohun tó bá ń pa owó wọlé, bí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ, n kì í gbà kó wọ inú ìṣirò náà. Ó lè bínú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mo ń tọrùn bọ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Kí wọ́n wá wo ìwé mẹ́ta yẹn.

Nígbà tí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, pé ìpínlẹ̀ kò lè máa fi kọmitì fìdíhẹ ṣe ìjọba ìbílẹ̀, Alága pè mí lórí fóònù. Ó ní ká ní ó dé láyé òun ni, gbogbo rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Mo fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Lọ́kọ́jà ló ní kó ta Bedford.

Mo fẹ́ padà sí 2023. Ìkórè kajú kejì lẹ́yìn tí a fagi lé gbèsè bọ́ sí àkókò tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà. Oṣù Kejì ni, ìbò ààrẹ ń bọ̀ ní ọjọ́ 25, owó àtijọ́ kò ná mọ́, tuntun kò sì délé báńkì. Owó lọ́wọ́ sì ni wọ́n fi ń ra kajú. Àwọn olùrà tó ń ti òkèèrè wá dúró lójú títì pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo. Àgbẹ̀ kò fẹ́ gba owó orí fóònù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Tí kò bá wọlé ńkọ́? Kajú wà nílẹ̀, òjò lè dé bá a.

Wọ́n kó o wá fún Alága. Wọn kò gba nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n níta, ó kọ ọ́, ó fún oníkálùkù ní ìwé pélébé tó fọwọ́ sí. Bàbá tó ní òun ti tò ní 1990 kó àpò mẹ́fà wá lórí ọ̀kadà, ó lọ, ó tún padà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń ka orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fagi lé orúkọ wọn nínú ìwé kẹta ló wà nínú ìwé tuntun yìí, ní ẹ̀gbẹ́ kejì: Alága ló jẹ wọ́n lówó. Ó wo ìwé náà pẹ́ títí. Ó béèrè bóyá bíírò pupa wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sí. Kí oṣù Kẹrin tó parí, ó ti san gbogbo wọn tán.

Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Kogi ti oṣù Kẹwàá 2024 ń bọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wá ipò káńsẹ́lọ̀ wá kí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé Bàbá ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo agboolé àti iye ìbò wọn wà nínú rẹ̀, kí Bàbá fi ta òun lọ́rẹ. Alága ní ọwọ́ Màmá ló wà, kó lọ bi í lọ́jà. Ọ̀dọ́kùnrin náà lọ. Màmá bi í pé lítà mélòó ló fẹ́ rà.